Dráyà mi ń yí ṣùgbọ́n kò gbóná: ohun tójú mi rí l'Óṣogbo

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí òjò, torí òjò ló kó mi sí gbogbo wàhálà tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹni tó bá ń gbé Òṣogbo mọ̀ bí oṣù keje ṣe máa ń rí níbí, aṣọ á wà lórí okùn láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́rú, wàá fọwọ́ kàn án, á ṣì tutù, tó bá sì wá gbẹ tán á máa rùn bí àkísà tí wọ́n fi nulẹ̀. Èmi sì rèé, aṣọ fífọ̀ ni mo fi ń jẹun, ṣọ́ọ̀bù mi wà l'Ókè-Fíà, kọ́sítọ́mà ò sì fẹ́ gbọ́ pé òjò ń rọ̀, aṣọ ẹ̀ ló fẹ́ gbà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ ra dráyà tòkúnbọ̀, ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ. Ti London ni o, kì í ṣe ti Amẹ́ríkà, ẹ fi ibẹ̀ yẹn sọ́kàn torí mo ṣì ń padà bọ̀ síbẹ̀. Oṣù kejìlá ni mo rà á, nígbà ọyẹ́, ẹ̀yin náà ẹ wo ọgbọ́n mi, ta ló ń wá dráyà nígbà ọyẹ́ tí aṣọ tó o sá láago mẹ́wàá á ti gan bíi páálí kó tó di aago méjìlá? A tẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹni tó tà á, ó gbóná, inú mi dùn, mo gbé e sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ́ aṣọ lé e lórí. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń lò ó títí òjò fi dé.

Oṣù kẹjọ wá dé. Ẹ mọ̀ pé oṣù kẹjọ ni ọdún Ọ̀ṣun, àlejò á kún ìgboro fọ́fọ́, àtìgbà tí UNESCO sì ti kọ orúkọ igbó Ọ̀ṣun sínú ìwé wọn ní 2005, òyìnbó gan-an ń wọ́ wá. Gẹ́sítì háòsì kan kó bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì 40 wá fún mi, wọ́n fẹ́ ẹ lọ́jọ́ kejì. Mo ní kò sí wàhálà, mo ní dráyà. Mo kó mẹ́fà àkọ́kọ́ sínú ẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́, dúrọ́ọ̀mù ń yí, fáànù ń fẹ́, wákàtí kan kọjá, mo ṣílẹ̀kùn, aṣọ tutù gidi. Mo fọwọ́ síbi tí atẹ́gùn ń gbà jáde, ó tutù bí imú ajá.

Nǹkan tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni YouTube. Mo wo fídíò tó tó mẹ́rin, ti àwọn ará Amẹ́ríkà ni gbogbo ẹ̀, wọ́n ní tí dráyà bá ń yí tí kò gbóná, kí n lọ wo bíréékà méjèèjì torí ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan ti já. Mo wá bíréékà méjèèjì tì, ọ̀kan ṣoṣo ni mo ní! Ìgbẹ̀yìn ni mo tó mọ̀ pé ti tiwọn yàtọ̀. Lọ́hùn-ún, wáyà iná méjì ló ń wọ dráyà wọn, 120 fóltì ni ìkọ̀ọ̀kan, mótò tó ń yí dúrọ́ọ̀mù ń lo ẹyọ kan, kọ́ìlì, ìyẹn wáyà tó ń mú ooru jáde, ló ń lo méjèèjì pọ̀ tó fi di 240. Tí ẹyọ kan bá já, mótò lè máa yí lọ, kọ́ìlì ò ní rí nǹkan jẹ. Tiwa níbí, ẹyọ kan náà ni, 230, òun ló ń yí mótò, òun náà ló ń gbóná kọ́ìlì. Torí náà, ìmọ̀ràn yẹn ò kàn mí rárá, mo kàn fi dátà jó ni.

Mo pe ọmọ kan tó ń ṣe rìwáyà ládùúgbò wa. Kò tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà tó ti ní, "Ìyá Ìbejì, kọ́ìlì ti jó nìyẹn o, ẹ lọ wá kọ́ìlì." Kò tú ẹ̀yìn ẹ̀, kò gbé mítà tí wọ́n fi ń wọn iná wá, tẹ́sítà kékeré tí wọ́n ń kì bọ sókẹ́ẹ̀tì ló wà lápò ẹ̀. Èmi náà ò bi í léèrè ohun tó fi mọ̀, torí ó sọ ọ́ bí ẹni tó dájú. A wá kọ́ìlì kiri Òṣogbo, kò sí, ìgbà tó yá mo ní kí àbúrò mi bá mi rà á l'Álàbá ní Èkó, ₦38,000, kó tó kan owó ọkọ̀ tó gbé e wá. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi dúró. Ní gbogbo ọjọ́ mẹ́rin yẹn, ṣíìtì 40 yẹn wà lórí okùn nínú ilé mi, lórí ilẹ̀kùn, lórí àga, Bàbá Ìbejì ò rọ́nà gbà dé orí bẹ́ẹ̀dì. Owó gẹ́sítì háòsì yẹn, ìdajì ni wọ́n san.

Ọmọ yẹn fi kọ́ìlì tuntun sí i. A tẹ̀ ẹ́. Ó ń yí, kò gbóná. Ó wo kọ́ìlì, ó wò mí, ó ní, "Ó jọ pé fékì ni wọ́n tà fún yín, Mà."

Ẹnì kejì tí mo pè, ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún wọ́ṣìn mọṣíìnì ṣe lápá Ọláìyá, òun gbìyànjú díẹ̀, ó tú ẹ̀yìn. Mo dúró tì í, mo rí àpótí irin pẹlẹbẹ tí kọ́ìlì wà nínú ẹ̀, mo rí nǹkan róbótó kékeré méjì lára ẹ̀ tó dà bí bọ́tìnnì kóòtù, wáyà méjì méjì ń wọ inú wọn. Ó yọ wáyà lára ọ̀kan, ó so wọ́n pọ̀ mọ́ra, ó fi téèpù wé e, ó ní, "Mo ti dáírẹ́ẹ̀tì ẹ̀." Ó tẹ̀ ẹ́, àbí ẹ ò rí nǹkan, ooru jáde! Mo pariwo, mo dúpẹ́, mo san ₦10,000, mo tún fi malt tutù lé e.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kàwé yìí, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun fẹ́ dáírẹ́ẹ̀tì nǹkan lára ẹ̀rọ tó ń gbóná, ẹ gba irin iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ọjọ́ kejì, àwọn píló kéèsì ni mo kó sínú ẹ̀, mo ń lọ aṣọ níwájú ṣọ́ọ̀bù, òórùn kan ń jáde, mo rò pé áyọ́ọ̀nù ọmọṣẹ́ mi ló ń jó nǹkan, mo ń bá a jà, ó ní, "Àǹtí, kì í ṣe èmi o." Ìgbà tá a dé ẹ̀yìn, èéfín fẹ́lẹ́ ń jáde lábẹ́ dráyà. Mo fa pọ́lọ́ọ̀gì, pọ́lọ́ọ̀gì ọ̀hún gan-an gbóná débi tí mo jù ú sílẹ̀. Píló kéèsì mẹ́ta ti pọ́n bíi tíì Lipton, òwú wẹ́wẹ́ tó wà nídìí àpótí kọ́ìlì ti dúdú léteetí. Ká ní mo ti ti ṣọ́ọ̀bù lọ sílé lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ míì là bá máa sọ.

Lẹ́yìn yẹn mi ò tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí ìyá tó ń ta aṣọ òfì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó sọ pé òun mọ bàbá kan l'Álẹ́kúwódò, wọ́n ti ṣiṣẹ́ iná ní iléeṣẹ́ irin tó wà níbí kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, fíríìjì ni wọ́n ń tún ṣe báyìí. Mo lọ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n dé, wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, wọn ò tiẹ̀ wo ibi tí dráyà wà. Wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, kí ni nǹkan yìí fi ń gbẹ aṣọ?"

Mo ní, "Ooru ni, sà."

Wọ́n ní, "Nígbà ọyẹ́ ńkọ́? Ṣé ooru ń mú ọ láàárọ̀ nígbà ọyẹ́?"

Mo ní rárá, òtútù ni.

"Aṣọ ń gbẹ àbí kò gbẹ?"

Mo ní ó ń gbẹ, kíákíá gan-an.

"Oṣù keje yìí, tí òjò bá ṣú, tí kò tíì rọ̀, tó ò ń làágùn yọ̀bọ̀ nínú ilé, ooru wà níbẹ̀ àbí kò sí? Aṣọ rẹ ń gbẹ?"

Mi ò lè dáhùn. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ọmọ Òṣogbo ni mí, inú aṣọ àti aró ni wọ́n bí mi sí, ìyá ìyá mi ta àdìrẹ, mo sì ti ń sá aṣọ láti kékeré, mi ò ronú kàn án rí pé atẹ́gùn gbígbẹ ló ń gba omi lára aṣọ, tó ń gbé e lọ. Ooru ń ràn án lọ́wọ́ ni, ó ń jẹ́ kí atẹ́gùn lè gba omi púpọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n tí atẹ́gùn tó ti gba omi yẹn ò bá rọ́nà jáde, kí òmíràn wọlé rọ́pò ẹ̀, kò sí bó o ṣe gbóná tó, aṣọ á kàn máa sè ni.

Bàbá wá dìde. "Ibo ni atẹ́gùn ẹ̀ ń gbà jáde?"

Ojú tì mí láti fi hàn wọ́n. Họ́ọ̀sì ẹ̀yìn dráyà, èyí tó gbòòrò tó dà bíi pé wọ́n fi wáyà ká a ní rìngìndìn-rìngìndìn, mo ti ti ẹ̀rọ mọ́ ògiri débi pé họ́ọ̀sì náà ti pẹlẹbẹ bíi àkàrà tí wọ́n jókòó lé. Ẹnu ẹ̀ kejì kò tiẹ̀ jáde síta, abẹ́ tábìlì inú yàrá kan náà ni mo kì í bọ̀, torí mi ò fẹ́ lu ògiri onílé. Èyí ni pé gbogbo omi tí dráyà bá gbà lára aṣọ, inú yàrá náà ló ń dà á sí, òun náà ló tún ń fà á padà wọlé. Abájọ tí ògiri fi ń làágùn! Mo ti ń sọ pé simẹ́ǹtì onílé ni kò dáa.

Wọ́n yọ họ́ọ̀sì yẹn, wọ́n gbọ̀n ọ́n nílẹ̀. Òwú wẹ́wẹ́ ara aṣọ tó jáde kún nálọ́ọ̀nù ńlá kan, egungun alángbá kan sì wà láàárín ẹ̀. Asẹ́ ẹnu ilẹ̀kùn, èyí tó ń gba òwú, mo máa ń yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tí mo bá rántí. Bàbá ní lẹ́yìn aṣọ kọ̀ọ̀kan tó bá jáde ni, kì í ṣe ọ̀sẹ̀, wọ́n ní bí ìgbà tó o bá fi aṣọ nípọn bo imú ẹni tó ń sáré ni.

Wọ́n wá yọ mítà jáde. Wọ́n fa pọ́lọ́ọ̀gì kúrò lára iná ná, wọ́n yọ wáyà lára kọ́ìlì kí ibòmíì má baà da kíkà rú, wọ́n wọ̀n ọ́n. 26 óòmù, ìyẹn bí kọ́ìlì ṣe ń dí iná lọ́nà tó. Wọ́n ní, "Èyí dáa." Wọ́n bèèrè ògbólógbòó kọ́ìlì tí ọmọ yẹn yọ, mo gbé e wá láti abẹ́ kántà, wọ́n wọ̀n ọ́n, 26 náà ni! Wọ́n fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́yìn páálí ọṣẹ fún mi: ara dráyà, wọ́n kọ 230 fóltì àti 2,000 wáàtì síbẹ̀, fi 230 lọ́nà 230, pín in sí 2,000, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 26 àbọ̀. Kọ́ìlì tó bá ti já, mítà ò ní ka nǹkan kan. Kò sí ohun tó ṣe kọ́ìlì tí wọ́n ní ó jó yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Mo jókòó sórí àpò ọṣẹ, mo ń ro ₦38,000 mi.

(Wọ́n sọ èyí náà fún mi o: àwọn dráyà kan wà tí kọ́ìlì wọn pín sí méjì nínú àpótí kan, tí ọ̀kan bá já ó ṣì máa gbóná, ṣùgbọ́n lọ́ wọ́ọ́wọ́. Tìrẹ bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọn ìkọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.)

Àwọn bọ́tìnnì kóòtù yẹn ló wá kàn. Thermostat ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọ̀kan, iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó máa já iná kọ́ìlì tí ooru bá ti tó, tó bá tutù díẹ̀ kó tún gbà á padà, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ṣe títí aṣọ á fi gbẹ. Ìkejì, òun ni aṣọ́bodè, kò ní iṣẹ́ kankan tí gbogbo nǹkan bá ń lọ dáadáa, ṣùgbọ́n tí ooru bá kọjá ààlà, á já iná, nínú irú dráyà tèmi yìí, tó bá ti já kò ní so padà mọ́, bíi fíùsì ni. Bàbá fi mítà kan ti àkọ́kọ́, mítà dún. Ìkejì, èyí tí ẹ̀gbọ́n ọjọ́sí dáírẹ́ẹ̀tì, kò dún. Wọ́n ní, "Èyí ló kú. Ó kú kí ilé ẹ má baà jó. Ẹ wá lọ so wáyà gba orí òkú ẹ̀ kọjá."

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé: họ́ọ̀sì dí, atẹ́gùn ò lè kọjá, ooru kó jọ sídìí kọ́ìlì, aṣọ́bodè já a. Èèyàn tó bá kàn ra thermostat tuntun tí kò yọ òwú, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni, ó tún máa já. Méjèèjì ni wọ́n máa ń tà pọ̀, méjèèjì náà ni kó o pààrọ̀, torí ẹnu iṣẹ́ kan náà ni wọ́n jọ wà. ₦9,000 ni mo rà á. Ẹ fi wé ₦38,000 àti ₦10,000.

A lu ihò sára ògiri (onílé gbà nígbà tí mo fi òógùn ara ògiri hàn án), họ́ọ̀sì jáde síta, a fi nẹ́ẹ̀tì tó ní ihò ńlá ńlá sí ẹnu ẹ̀ nítorí alángbá, bàbá sì ní kí n máa tú u wò torí òwú lè há síbẹ̀ náà. Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì gbá inú àpótí kọ́ìlì. A fi ṣíìtì mẹ́rin sí i láàárọ̀, ìṣẹ́jú 55, ó gbẹ.

Mo rò pé ó ti parí. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ṣíìtì mẹ́rin kan náà, ó lé ní wákàtí méjì, ó ṣì ní ọ̀rinrin létí. Mo pe bàbá, mo ní, "Sà, ó tún ti bẹ̀rẹ̀ o." Wọn ò tíì bọ́ bàtà tí wọ́n ti kì mítà bọ sókẹ́ẹ̀tì nígbà tí dráyà ń ṣiṣẹ́. 162 fóltì.

Half current! Ohun tí gbogbo wa mọ̀ tá a ti fi ṣe ìyá àti bàbá. Tí gílóòbù bá pọ́n bí ojú ẹyẹ, àá ní "iná ò lágbára lónìí," àá máa bá tiwa lọ. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ìṣirò ẹ̀. Iná tó yẹ kó jẹ́ 230 tó di 162, ó dín ní nǹkan bí 30 nínú 100, èmi rò pé ooru náà á dín ní 30 nínú 100. Rárá o. Kọ́ìlì 2,000 wáàtì yẹn, ní 162 fóltì, kò tó 1,000 wáàtì tó ń mú jáde. Ìdajì! Torí fóltéèjì ń lọ lẹ́ẹ̀mejì nínú ìṣirò yẹn, iná dín kù, iye iná tó ń gba inú kọ́ìlì kọjá náà dín kù. Dráyà ò ní àrùn kankan, ebi ló ń pa á.

Bàbá tún wọ̀n ọ́n nídìí mítà iná ilé, 170 ni níbẹ̀. Fóltì mẹ́jọ ti sọnù lójú ọ̀nà, sínú ẹ̀kíténṣọ̀n tínrín tí mo ń lò láti iwájú ṣọ́ọ̀bù dé ẹ̀yìn. Ìdí tí pọ́lọ́ọ̀gì fi máa ń gbóná nìyẹn, ẹnu ibi tó ti so mọ́ra ti ń jó. A jù ú nù, wọ́n fa wáyà tó nípọn, 2.5, tààrà láti bọ́ọ̀dù iná wá sí sókẹ́ẹ̀tì 13 amp tó dá dúró fún dráyà nìkan. Ti 170 yẹn, kò sí ohun tá a lè ṣe sí i, gbogbo àdúgbò ló ń lò ó pọ̀ láàárín aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́wàá. Torí náà, aago márùn-ún ìdájí ni mo ń gbẹ aṣọ báyìí tí iná bá wà, ó máa ń tó 220 nígbà náà. Tí kò bá sí, jẹ́nẹ̀rétọ̀ 3.5 kVA ni, mi ò sì ní tan áyọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Jẹ́nẹ̀rétọ̀ kékeré "I better pass my neighbour" yẹn, ẹ má tiẹ̀ dán an wò.

Ohun míì tó tún dín àkókò kù ni wọ́ṣìn mọṣíìnì tó ń fún aṣọ. Ṣíìtì tá a bá fi ọwọ́ fún, omi á ṣì máa kán lára ẹ̀, iṣẹ́ dráyà ti di méjì nìyẹn. A máa ń fi wọ́n sínú ẹ̀rọ, kó fún wọn tán, ká tó kó wọn lọ. Àdìrẹ tuntun kì í wọ ibẹ̀ rárá o, ẹnì kan fi àdìrẹ ẹlẹ́lùú tí kò tíì ṣan dáadáa sáàárín aṣọ funfun nínú ṣọ́ọ̀bù mi rí, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀.

Ti Amẹ́ríkà tí mo ní mo máa padà sí: àna mi kan kó dráyà wá láti Houston nínú kọ̀ńténà, ńlá báyìí, funfun nini, pọ́lọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Wọ́n ní kí n wá rà á. Bàbá wo ẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n mi orí. Mótò inú ẹ̀, 120 fóltì ni wọ́n ṣe é fún, 60 Hz (iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan), tiwa níbí 230 ni, 50 Hz. Ẹni tó bá kàn gbé 230 wa fún un láìmọ bó ṣe máa pín in, kọ́ìlì á gbóná o, ṣùgbọ́n mótò á jó. Ó ṣì wà ní kọ́rídọ̀ àna mi, wọ́n ti gbé àpò ìrẹsì lé e lórí.

Ọmọ rìwáyà àkọ́kọ́ ṣì máa ń kí mi lójú pópó, "Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o," mo sì ń dá a lóhùn. Mo ti ra mítà tèmi, ₦6,500, ọmọṣẹ́ mi ló mọ̀ ọ́n lò jù mí lọ, ó máa ń wọn iná kó tó kó aṣọ sínú dráyà, á pariwo nọ́ńbà ẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù bí ẹni ń ké ìbò. Kọ́ìlì kejì wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàléńdà, kò ní àbùkù kankan. Obìnrin kan ti wá bèèrè ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní wọ́n sọ fún òun pé tòun ti jó. Mo ní, "Ẹ gbé ti inú ẹ̀ wá ná, ká wọ̀n ọ́n."